Ohun Tí Sístà Tinúọlá Kò Sọ

Ọjọ́ tí Sístà Tinúọlá, nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kan, kọ́kọ́ gbé àwòrán ilé-ọmọ kọ́ sára ògiri kańtíìnì, ẹ̀rín ló pa àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ náà kí ojú tó wá tì wọ́n. Ó ti ya àwòrán ọ̀hún sára páálí fífẹ̀ kan, ó fi àwọ̀ pupa kùn ún. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé orí màlúù ni. Òmíràn ní rárá o, ewúrẹ́ tó na ọwọ́ ni. Sístà dúró, ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

“Ibi tí ìyá yín gbé yín sí fún oṣù mẹ́sàn-án nìyí,” ó wí. “Ọ̀kọ̀ọ̀kan yín ló gbé e sínú. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹ mọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ ju inú ara yín lọ?”

Ni wọ́n bá sún mọ́ àwòrán náà.

Ilé-iṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ni, ní Ìkẹjà, nítòsí títì Ọba Akran, láwọn ọdún tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí àwọn èèyàn ń pè é ní sáàpù bí ẹni ń pe orúkọ àìsàn. Ọkùnrin ló ń darí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Obìnrin ló ń gé, tó ń rán etí, tó ń ká, tó ń dì. Eruku òwú a máa bò wọ́n títí irun orí wọn á fi funfun bí ti arúgbó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìkirè, Ṣakí, Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ti wá, ọmọge tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ, tí ará ilé kan sọ fún pé iṣẹ́ wà ní Ìkẹjà. Kò sí ìyá nítòsí tí wọ́n lè bi ní nǹkan. Ohun tí ọ̀kan bá gbọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ló máa sọ fún èkejì, èkejì á sì fi tirẹ̀ kún un.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri. Obìnrin tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé. Kò tíì sí èyí tó lọ sinmi tó padà wá.

Ọládùnní, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, wà lára àwọn tó ń ká táwẹ́ẹ̀lì. Kò lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi rí obìnrin kan tó fi ọ̀já di ikùn rẹ̀ pinpin lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dákú sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já náà kó lè mí, gbogbo ojú ló rí ohun tó ń fi pamọ́. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ sinmi. Láti ìgbà yẹn ni Ọládùnní ti mọ̀ pé oyún àti iṣẹ́ kì í gbé inú ọgbà yẹn pọ̀.

Fàúsát, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó pupa, ó kúrú, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì jọ gbà ní Agége, nínú ilé olójúlé púpọ̀ tí ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Láàárọ̀, Fàúsát á kírun, Ọládùnní á gbàdúrà bí wọ́n ti ń gbà á ní ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n á wá jọ jáde. Owó ọkọ̀ ti ju agbára wọn lọ, ojú irin ni wọ́n ń tọ̀ láti Agége dé Ìkẹjà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, wọ́n á yà sínú koríko, Fàúsát á sì máa juwọ́ sí àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ gbogbo wọn.

Òun náà ló kọ́kọ́ dìde láti bi Sístà ní ìbéèrè.

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní tí èèyàn bá mu omi iyọ̀ gbígbóná lẹ́yìn tó bá ti bá ọkùnrin sùn, oyún ò ní lè dúró. Ṣé òótọ́ ni?”

Àwọn ìyókù tún fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Sístà na ọwọ́ sí wọn.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tí gbogbo yín fẹ́ béèrè. Fàúsát, ọ̀nà ọ̀fun ni iyọ̀ ń gbà, kò mọ ọ̀nà ilé-ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló máa fún ẹ.”

“Búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ńkọ́?”

“Ìyẹn á ba kíndìnrín ẹ jẹ́. Oyún á sì wà níbẹ̀.”

Báyìí ló ṣe ń kọ́ wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán. Ó sọ bí nǹkan oṣù ṣe ń rìn, àti ìdí rẹ̀ tí kì í fi í ṣe èérí. Ó mú rọ́bà jáde, ó mú oògùn oníwóró jáde, ó ṣàlàyé èyí tó yẹ obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú àti èyí tí kò yẹ ẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa àtọ̀sí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìtìjú gbé e sára. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ki irin bọ inú wọn láti ṣẹ́ oyún. “Irin yẹn ò lójú,” ó wí. “Ẹni tó ń kì í bọ inú yín náà ò sì ríran débẹ̀.”

Ọládùnní, tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí fún un rí, a máa jókòó tì í, a máa gbọ́, ara rẹ̀ á sì máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Job máa ń wá síbẹ̀ náà. Ọ̀gá Job ni ọ̀rọ̀ gbígbani síṣẹ́ àti lílé èèyàn kúrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà kańtíìnì, á ká apá mọ́yà, bí Sístà bá sì parí, á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ fi sọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ la dá sílẹ̀ níbí, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí.”

Á sì máa lọ, Sístà á sì kó àwọn páálí rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án, yàrá àwọn ọ̀gá ni Sístà ti ń jẹun. Àwọn obìnrin rí gbogbo rẹ̀. Àǹtí Simbiat, tó dàgbà jù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀, sọ ọ́ ní ṣókí. “Ohun tó ń kọ́ wa dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ọ? Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ pa tẹnu yín mọ́.”

Ní àkókò yìí, Fàúsát ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń jẹ́ Kazeem. Ilé búrẹ́dì ní Agége ló ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà ọmọdé, òun ló ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọ̀lú mọ́, ìyẹ̀fun wọ́n bí ojú. Àwọn ààrò Agége ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan ti ọ̀gá Kazeem. Láti ìgbà náà, ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń bá àwọn oníṣòwò ru ẹrù, bó bá rí ẹrù rù. Ìgbéyàwó nìkáà tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ààwẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Fàúsát ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí bàbá wọn ti kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lójú irin, Fàúsát ò sọ̀rọ̀ láti Agége títí wọ́n fi rìn jìnnà. Ọládùnní bojú wò ó.

“Kí ló ṣe ẹ́?”

“Dùnní, mi ò rí nǹkan oṣù mi.”

“Ti oṣù yìí?”

“Ti èyí tó kọjá náà.”

Wọ́n ń rìn lọ.

“Ṣé o ti sọ fún Kazeem?”

“Kí n sọ fún un, kó ṣe kí ni? Ẹkún ló máa sun. Bó ṣe wà yẹn gan-an, ẹkún ló ń sun.”

“Nígbà náà, lọ bá Sístà. Ó ní ẹni tí nǹkan bá ṣe kó wá bá òun.”

Fàúsát dúró, ó yíjú sí i. “Ṣé o ò mọ ibi tí Sístà ti ń jẹun ọ̀sán ni?”

Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Fàúsát ní òun á jẹ́ kí oyún náà dàgbà díẹ̀, òun á máa wọ yunifọ́ọ̀mù ńlá, bóyá Kazeem á ríṣẹ́ kó tó yọ. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà. Ó ní tó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ á pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, òun á sì sọ ọ́ ní Ọládùnní láti fi dá a lẹ́kun.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Job pe gbogbo obìnrin jọ sí iwájú ilé ìkẹ́rùsí. Sístà Tinúọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

“Ọjọ́ Ajé,” Ọ̀gá Job wí, “olúkúlùkù á tọ̀ sínú ìgò kékeré kan, wọ́n á lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn. Sístà á yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò ìlera ni. Tó bá máa fi di ọjọ́ Ẹtì, èsì á ti wà lọ́wọ́ mi.”

Àǹtí Simbiat gbóhùn sókè láàárín èrò. “Ìlera ta ni, Ọ̀gá?”

“Ìlera yín ni.”

“Ṣé ti àwọn ọkùnrin ò gba ìgò ni?”

Àwọn ọkùnrin tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Job ti ń lọ.

Ọládùnní wò títí bóyá Sístà máa gbójú sókè. Kò gbójú sókè.

Nílé, Ọládùnní sọ fún Fàúsát pé òun á tọ̀ sínú ìgò méjì. Ó dà bí ohun tó lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, súpáfáísọ̀ obìnrin kan ló dúró sẹ́nu ilé ìtọ̀, ìgò kan ló ń fún ẹnì kan, ó sì ń gbà á padà gbígbóná lọ́wọ́ onítọ̀hún. Fàúsát wọlé, ó jáde, ó gbé tirẹ̀ fún un. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, táwẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

Ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n ti iṣẹ́ dé, ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, ó wọ aṣọ míì, ó mú ìborùn.

“Níbo?” Ọládùnní bi í.

“Ọ̀dọ̀ Àkànjí.”

Àkànjí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nítòsí ojú irin. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ èrò ló ti ń polówó oògùn kó tó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ mọ ibẹ̀.

Ọládùnní dìde, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. “Fàúsát, o ò ní lọ. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí Sístà ní—”

“Sístà ní, Sístà ní! Ọjọ́ Ẹtì, tí Sístà bá gbé orúkọ mi fún Job, ṣé Sístà lá máa bọ́ ìyá mi? Gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́. Ó yé mi ju bó ṣe yé ẹ lọ. Kò sọ ohun tí ẹni tó ti lóyún máa ṣe tí kò fi ní pàdánù iṣẹ́. Tó bá sọ ọ́, sọ fún mi.”

Ọládùnní kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sístà kò sọ ọ́ lóòótọ́.

“Tó bá ti jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì,” Fàúsát wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “mo lè sọ pé kí wọ́n yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò ní rí nǹkan kan. Jọ̀ọ́, tẹ̀ lé mi. Má jẹ̀ẹ́ kí n dá lọ.”

Ó tẹ̀ lé e. Kọ́tìnì òdòdó kan ló dá iwájú ṣọ́ọ̀bù náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì. Àkànjí kò béèrè ju ohun tó fẹ́ gbà lọ. Ó fọ ọwọ́ nínú abọ́ kan, ó gbé kọ́tìnì sókè fún Fàúsát bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò. Ọládùnní jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo páálí oògùn tó tò sórí pẹpẹ, ó ń tẹ́tí. Kò gbọ́ igbe. Rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń sọ ìròyìn.

Nígbà tí Fàúsát jáde, ètè rẹ̀ funfun. “Ó ti tán,” ó wí. “Ó ní kò ju kí wọ́n yọ eyín lọ.”

Kò tíì tán. Nígbà tó máa fi di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ ti gbóná bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Inú ń run ún, ó ká ara rẹ̀ jọ sórí ẹní, ó ń mu oògùn tí Àkànjí fún un. Ọládùnní ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Fàúsát di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n á béèrè ohun tó ṣe, ó wí, ọlọ́pàá á wọ̀ ọ́. Kó jẹ́ kí ọ̀la kọjá. Ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí èsì ń jáde ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ ojú irin lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Fàúsát fara ti èjìká Ọládùnní, wọ́n ń dúró, wọ́n ń rìn. Ó dé ìdí tábìlì rẹ̀. Ó ká táwẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nínú ooru ilé náà. Ọládùnní ń ká tirẹ̀, ó sì ń fa lára ti Fàúsát sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí súpáfáísọ̀ má bàa mọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, Fàúsát di etí tábìlì mú, ó pe, “Dùnní,” ó sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ní òórùn.

Ọládùnní sáré lọ pe Sístà. Sístà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó fọwọ́ kan iwájú orí Fàúsát, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ikùn náà le bí pákó. Ó gbójú sókè wo Ọládùnní.

“Ta ló ṣe é?”

“Àkànjí. Oníkẹ́míìsì.”

“Nígbà wo?”

“Ọjọ́ kejì tí a tọ̀ sínú ìgò.”

Sístà la ẹnu. Ohùn kan jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. “Kí ló dé?” ó wá wí. “Kí ló dé tí ẹ ò dúró?” Ó dìde, ó sáré lọ sí ọ́fíìsì.

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́ ohun tí Ọ̀gá Job sọ, nítorí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé. Ó ní mọ́tò ilé-iṣẹ́ kò sí nílẹ̀. Ó ní géètì kì í ṣí kí ṣíìfù tó parí. Ó ní ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe lòdì sófin, ilé-iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ lọ́wọ́ sí i.

“Ọ̀gá, ó ń kú lọ,” Sístà wí.

“Ó mọ̀ pé ó wà bẹ́ẹ̀ kó tó wá síbí.”

Àǹtí Simbiat ló kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa tirẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà dé ìlà, títí tó fi kù àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ lókè, àwọn náà sì wá dákẹ́. Ọládùnní kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ tó fẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n gbé Fàúsát lé e, obìnrin mẹ́rin di igun rẹ̀ mú. Ọládùnní wà níbi orí, Simbiat wà níbi ẹsẹ̀. Àwọn ìyókù tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wo Ọ̀gá Job, ó wo àwọn obìnrin tó ń bọ̀, ó tún wo ohun tí wọ́n gbé. Ó ṣí géètì.

Pikọ́ọ̀pù kan tó kó páǹtí irin ló gbé wọn dé ọsibítù ìjọba. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ra ìbọ̀wọ́ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára wá láti ìta, nítorí kò sí nínú ilé. Àwọn obìnrin tú etí aṣọ wọn, wọ́n dá a jọ, wọ́n rà á. Dókítà kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n láìsùn gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó jáde, ó ní ilé-ọmọ ti lu, ó ti kẹ̀, àwọn sì ti yọ ọ́. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyókù ti padà sílé. Ọládùnní àti Sístà Tinúọlá nìkan ló jókòó sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sístà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwò ó.

“Mo dà á nù.”

“Kí lẹ dà nù, Sístà?”

“Ìtọ̀ yín. Gbogbo ẹ̀. Mo dà á sínú síńkì lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, mi ò yẹ ọ̀kankan wò. Láàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó wá pè mí, mo ti sọ fún Job pé kò sí aboyún kankan nínú yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ọládùnní gbọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?”

“Wọ́n ní ẹni tó ń gbọ́rọ̀ fún wọn láàárín yín. Mo rò pé tí mo bá sọ fún ẹyọ ẹnì kan, á dé etí Job kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì mú ẹlòmíì wá yẹ̀ yín wò. Mo ní kí n dákẹ́, kí n ṣe é tán, ẹ ò ní tilẹ̀ mọ̀.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Mo kọ́ yín ní gbogbo nǹkan. Mi ò kọ́ yín pé ẹ lè gbọ́kàn lé mi.”

Ọládùnní fẹ́ gbá a létí. Ó tún fẹ́ dì mọ́ ọn, kó sunkún sí i láyà. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń wo ẹsẹ̀ Fàúsát tó yọ níbi tí aṣọ ìbora mọ.

Fàúsát kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú. Ojú rẹ̀ là fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú. Ó béèrè bóyá èsì ti jáde. Ọládùnní ní ó ti jáde, wọn ò rí nǹkan kan. Fàúsát ní, “Mo sọ fún ẹ.”

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín ní Agége lọ́jọ́ náà gan-an. Kazeem wọ inú kòtò láti tẹ́ òkú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, kò sì sọ ju gbólóhùn kan náà lọ: “Kò sọ fún mi. Kò sọ fún mi.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù Àkànjí. Àkànjí ti kó lọ. Kazeem ni ọlọ́pàá mú.

Ìyá Fàúsát dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọjọ́ kejì ìsìnkú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbé ìborùn dúdú kọ́rùn. Àwọn ará ilé ti jọ fẹnu kò, Àǹtí Simbiat sì ti kìlọ̀ fún Ọládùnní pé kí wọ́n má tú àṣírí òkú. Ibà ni. Gbogbo ẹni tó wá kí ìyá náà ló sọ pé ibà ni. Ó ń mi orí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn èèyàn túká, ó ku òun àti Ọládùnní nínú yàrá, wọ́n ń ká aṣọ olóògbé sínú báàgì. Ìyá náà na búláòsì kan sókè, ó tún un ká.

“Irú ibà wo ni, ọmọ mi?” ó bi í, láìbínú.

Ọládùnní kúnlẹ̀. Ó ti múra láti purọ́. Ó rántí bí wọ́n ṣe jókòó sí kańtíìnì, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ béèrè nǹkan, àfi ẹyọ ẹnì kan. “Kì í ṣe ibà, Mọ̀mí,” ó wí. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ojú irin títí dé kọ́tìnì òdòdó, títí dé ọsibítù. Kò yọ ọ̀rọ̀ Sístà kúrò níbẹ̀.

Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí báàgì.

“Ṣé ó pariwo?”

“Kò pariwo, mà.”

“Kì í pariwo. Tí wọ́n bá nà án ní kékeré, ẹ̀rín ló máa ń rín.” Ó fa báàgì náà mọ́ra. “Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn án. Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Ìyẹn nìkan ni ìyá tèmi náà sọ fún mi.”

Ó wá sunkún nígbà náà. Ọládùnní dì í mú.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n lé Sístà Tinúọlá. Wọ́n lé àwọn obìnrin mẹ́rin tó di igun táwẹ́ẹ̀lì mú, Ọládùnní lára wọn. Wọn ò sọ pé nítorí ìyẹn ni, wọ́n ní iṣẹ́ ti dínkù, sáàpù ni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àwọn á wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó. Kańtíìnì wà níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ń wá, ń lọ. Wọ́n gba nọ́ọ̀sì míì, tó ń yẹ ìtọ̀ wò lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìn, Ọládùnní ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àpò ọ̀rá kan ní Ọgbà, níbi tí òórùn ọ̀rá gbígbóná ti ń fọ́ ọ lórí. Ó gbọ́ pé Sístà Tinúọlá gba yàrá kan ládùúgbò náà, pé ó ń gbẹ̀bí, pé obìnrin tó bá fẹ́ béèrè ohunkóhun lè wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Ó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó rí i nípasẹ̀ fèrèsé, kò yà. Kò tíì lè yà.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá Fàúsát ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ kejì, Nusrat, ń bọ̀ wá wáṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ẹni tó jíṣẹ́ náà ní ìyá náà mọ ohun tí òun ń ṣe, ṣùgbọ́n ilé ò rí jẹ. Ó ní kí Ọládùnní jọ̀ọ́ gbà á sọ́dọ̀, kó sì sọ gbogbo ohun tí òun ò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Kó má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú.

Nusrat dé pẹ̀lú báàgì kan àti gàrí nínú àpò. Kò jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Ó ga, ó dákẹ́, ó ń wo ibi gbogbo bí ẹni tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ sí. Ọládùnní fún un lóúnjẹ. Ó jẹ́ kó jẹun tán, kó fọ ọwọ́, ó wá ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ báyìí?”

“Mẹ́tàdínlógún, mà.”

“Má pè mí ní mà. Àǹtí Dùnní ni kó o máa pè mí. Kí ni wọ́n ti sọ fún ẹ nípa nǹkan oṣù rẹ?”

Ọmọbìnrin náà fa ìborùn bojú.

“Ṣí ojú ẹ,” Ọládùnní wí. “Kò sí ẹlòmíì níbí.”

Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ọládùnní dúró dè é, ó sì bẹ̀rẹ̀.